Igi Tó Wà Lábẹ́ Ẹsẹ̀ Bẹ́ẹ̀dì Mi

Ilé Kẹrin, Ìsàlẹ̀ Odò,
Ajégúnlẹ̀, lẹ́bàá Òwòdè Onírin,
Kòṣọ́fẹ́, Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2024.

Ìdùnnú, ọmọ ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Ṣé ara rẹ le? Ṣé èjìká rẹ ti fúyẹ́ díẹ̀? Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá ọ lórí ìjókòó, lẹ́yìn tí o bá ti jẹun, torí ó gùn, kò sì ṣé kà ní ìdúró. Èmi náà wà láàyè. Ẹsẹ̀ ń ro mí nítorí omi tó wọlé wa lóṣù tó kọjá, ṣùgbọ́n ẹ̀mí wà, a dúpẹ́.

Wo ọwọ́ ìkọ̀wé yìí dáadáa. Ọwọ́ mi ni. Ẹnikẹ́ni kò bá mi kọ ọ́, n kò sì gbé e fún Ańtí Helen, olùkọ́ wa ní kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àgbà tí à ń lọ ní Kétu, pé kó bá mi wo àṣìṣe inú rẹ̀. Ìwé mẹ́ta ni mo ti fà ya kí èyí tó dúró. Bó bá jẹ́ ìgbà mìíràn ni, ǹ bá ti gbé e yípo gbogbo àdúgbò, kí wọ́n wá wo ohun tí ìyá ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ti òní kò ṣé gbé han èèyàn. Ìtìjú ló kún inú rẹ̀.

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí o ti ń pè mí tí n kò gbé fóònù. O bi bàbá rẹ, Elkanah, bóyá ara mi kò yá. Ara mi yá. Ojú ló ń tì mí. O kọ ọ́ sí mi lórí wọ́sáàpù pé: “Màmá, òótọ́ ni Bàbá Àgbà sọ. Ìbọn kì í ṣe tèmi. Bí oṣù kẹsàn-án bá parí, mo máa tà á, kí n yé dójú ti ara mi.” Mo kà á fúnra mi, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì. Nígbà tí mo kà á tán, mo tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìdùnnú, ọ̀rọ̀ tí o ní Bàbá Àgbà sọ yẹn, kò sọ ọ́ rí. Èmi ni mo sọ ọ́.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ èyí tó kéré. O rántí ọjọ́ tí o fi fótò méjì ránṣẹ́ sí mi. O ní ìbọn tí o fi ń ta àmì ní pápá ìdíje yín, èyí tó ń ki ọta tuntun fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan tí o bá fà á, ìdí rẹ̀ tí à ń gbé ti èjìká kò bá ọ mu, o fẹ́ yọ ọ́ kí o ra òmíràn sí i. Ọ̀kan nínú fótò náà ní àwọ̀ igi, ó ń dán, ó sì gùn, ṣùgbọ́n bó ṣe wà náà ló máa wà. Èkejì dúdú. Ó ní ibi tí èèyàn ń tẹ̀ kó gùn tàbí kó kúrú, ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń fara tì sì ṣé gbé sókè, ó ṣé rẹ̀ sílẹ̀. O ní, “Màmá, ẹ̀yin ni ìyàwó ọdẹ, ẹ bá mi yàn án.”

Kíláàsì ni mo wà nígbà tí àwọn fótò náà wọlé. Mo ti ń fi ọ́ yangàn níbẹ̀ tipẹ́, pé ọmọ mi ń bá àwọn òyìnbó figagbága ní Texas. Mo bá gbé fóònù fún wọn. Bàbá Abdulmujeeb, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, tó jẹ́ òun nìkan ni ọkùnrin láàárín wa, wo èyí tó dúdú, ó ní, “Ìyá Elkanah, kí lèyí? Àga bábà tó ń gẹrun nìyí jàre! Wọ́n kàn gbàgbé ìjókòó rẹ̀ ni.” Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Judith ní, “Onígi yẹn ni kó mú o. Ṣé ìdí fáànù ni ọmọ wa máa gbé dúró láàárín àwọn èèyàn?” Ańtí Helen nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Màmá, èwo ló bá apá rẹ̀ mu?” Ìbéèrè tó yẹ kó ti ẹnu ìyàwó ọdẹ jáde nìyẹn. Mo dá a lóhùn pé, “Ańtí Helen, ẹ kọ́ mi ní A, B, D. Ti ìbọn, ẹ jẹ́ kí n kọ́ yín.” Ni mo bá tẹ fóònù, mo sọ̀rọ̀ sí i níwájú gbogbo wọn: “Mú onígi. Ìdí ìbọn bàbá rẹ àgbà gùn, a kì í fà á, a kì í tì í.” Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. O gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, o ra onígi. Ó gùn jù fún ọ, ó ń gbá ọ léjìká títí èjìká náà fi ṣú bí ìdí ìkòkò, ẹni méjìlélógún ló sì díje, ìwọ lo wà ní ipò kọkànlélógún. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà, orí ọmọ wọ́, mo sì ń gba àtẹ́wọ́.

Èyí tó tóbi ló kù. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọ́ nígbà tí bàbá rẹ àgbà, Ọdẹ́jídé, kọ́kọ́ gbé ìbọn òfo lé ọ léjìká ní oko wa lẹ́bàá Ìgànná, nígbà ìsinmi ilé ìwé. Ìbọn náà gùn jù ọ́ lọ. Ọrùn rẹ ń nà bíi ti àgùnfọn kí ojú rẹ lè bá ẹnu rẹ̀ dọ́gba. Ó gbà á lọ́wọ́ rẹ, ó ní, “Rárá o. Ìbọn ló ń wá ẹ̀rẹ̀kẹ́ bọ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kì í wá ìbọn lọ.” Ó fa ẹyọ kan yọ lára ìgbálẹ̀ mi, ó ní kí o ká apá, ó wọ̀n ọ́n láti kọ̀rọ̀ ìgúnpá rẹ dé oríkèé ìka tó ń fa ìbọn, ó dá a síbẹ̀, ó sì fi há etí fìlà rẹ̀. Lọ́dún kejì ó tún mú ẹyọ mìíràn, ó wọ̀n ọ́n, ó gbé e ti ti àkọ́kọ́ láti wo bí o ṣe dàgbà tó. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé wọn nìyẹn. Baba lè fi irin ìbọn sílẹ̀ fún ọmọ, ṣùgbọ́n wọn kì í jogún igi ìdí rẹ̀. Tuntun ni wọ́n ń gbẹ́, torí apá baba kì í ṣe apá ọmọ.

Ọdún tí ikọ́ dá a dúbúlẹ̀, ó ń jókòó níwájú ilé wa níbí, ó ń fi igi apá líle inú igbó gbẹ́ ìdí ìbọn. Mo bi í pé, “Ta lẹ ń gbẹ́ ẹ fún?” Ó ní, “Ìdùnnú ni. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, mo ń gbé pẹpẹ wálẹ̀ fún un.” Inú bí mi. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì ti rí i, wọ́n ti ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀: “Ìyá Elkanah, ọkọ wo ló máa fẹ́ ọmọ tó lè yìnbọn fún un?” Ẹ̀rín wọn wọ̀ mí lára ju ikọ́ ọkọ mi lọ. Àní mo lè sọ ọ́ báyìí.

Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀, o wá bá mi ní ìdí ìdáná. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni ọ́. O ní, “Màmá, kí ni Bàbá ní kí ẹ sọ fún mi?” Ohun tó ní kí n sọ ni pé òun fi igi kan sílẹ̀ fún ọ, pé bí o bá dàgbà tí o sì gba ìwé àṣẹ, kí o máa lò ó, torí ojú rẹ dára ju ti gbogbo àwọn ọkùnrin ilé wa lọ. Ohun tí mo sọ ni: “Bàbá ní ìbọn kì í ṣe ti obìnrin. Kọjú sí ìwé rẹ.” O kò sunkún. O kàn ní, “Ó dáa, mà.” Ìbọn náà, a dá a padà sí àgọ́ ọlọ́pàá pẹ̀lú ìwé rẹ̀, bí òfin ṣe ní kí á ṣe. Igi ìdí tó gbẹ́ fún ọ, mo sọ ọ́ sẹ́yìn ilé. Nígbà tí omi kún lọ́dún kejì, ó gbé e lọ. Mo dúró lójú fèrèsé, mo ń wò ó bó ṣe ń léfòó lọ, n kò sì ránṣẹ́ pe ẹnikẹ́ni.

Bàbá rẹ àgbà gbẹ́ nǹkan mìíràn mọ́ igi náà, pákó pẹlẹbẹ mẹ́ta, wọ́n nípọn bí ìka, wọ́n sì ní ihò méjì méjì. N kò mọ ohun tí wọ́n wà fún. Nígbà tí omi jẹ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mi kan, mo kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta léra, mo fi tì í nísàlẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi sùn lé wọn lórí. Mo máa ń rí àmì lára wọn bí mo bá ń gbálẹ̀. N kò tíì mọ̀wé kà nígbà náà, mo rò pé ẹnu ikán ni.

Lóṣù tó kọjá, omi tún wọlé. Ọjọ́ kẹta tí ọ̀rọ̀ rẹ dé ni omi náà fà. Lówúrọ̀ ọjọ́ yẹn mo ń nu ilẹ̀, mo fà wọ́n yọ láti sá wọn sóòrùn. Ti ìsàlẹ̀ ti rà, kò sí ohun téèyàn lè kà lára rẹ̀. Ti àárín, mo rí ẹyọ 1 àti 8. Ti òkè gbẹ, ó mọ́. Mo fi ìka sí abẹ́ lẹ́tà àkọ́kọ́ bí Ańtí Helen ṣe kọ́ wa. I. Lẹ́yìn náà D. Kí n tó dé U kejì, mo ti jókòó sínú ẹrẹ̀. IDUNNU 21. Ìṣó gbígbóná ló fi kọ ọ́. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi kò tilẹ̀ pé ogún, ọdún kejìdínlógún ló bá a, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tèmi.

Mo gbé e lọ bá Ṣùkúrù, gbẹ́nàgbẹ́nà tó wà lójúlé kejì. Ó fi ìka tọ ihò náà, ó ní, “Màmá, ẹni tó ṣe èyí mọṣẹ́ o. Wọ́n á dè é mọ́ ìparí igi kó lè gùn sí i. Bí ọmọ bá ṣe ń dàgbà, wọ́n á máa fi ọ̀kan kún un.” Ọjọ́ orí rẹ ló kọ sí wọn lára: ti ìsàlẹ̀ tó rà á ti jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, lẹ́yìn náà méjìdínlógún, mọ́kànlélógún. Ìdùnnú, ohun tí wọ́n fi bọ́tìnnì ṣe nínú fótò rẹ yẹn, bàbá rẹ àgbà ti fi igi apá ṣe é fún ọ ní ojúde Ajégúnlẹ̀. Ó mọ̀ pé ikọ́ yẹn kò ní jẹ́ kí òun rí ọdún tuntun, síbẹ̀ ó gbẹ́gi dé ọdún kọkànlélógún rẹ.

Nítorí náà, bó bá jẹ́ pé ìbọn náà kò wù ọ́ mọ́, tà á, n kò ní bínú. Ṣùgbọ́n má tà á nítorí ọ̀rọ̀ tí Bàbá kò sọ.

Bó bá sì wù ọ́ síbẹ̀, yọ onígi kúrò. Kọ́kọ́ rí i dájú pé kò sí ọta nínú ìbọn, kí o yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì, bó ṣe máa ń ṣe. Ẹyọ ìgbálẹ̀ kan wà nínú ìwé yìí. Wọ ẹ̀wù tí o máa ń wọ̀ lọ sí pápá, ká apá, wọ̀n ọ́n, kí o dá a. Òun ni kí o gbé lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á, má gbé fótò lọ. Di ojú rẹ, gbé ìbọn òfo náà sí èjìká, kí o tó la ojú. Bí ojú rẹ bá ti wà níbi tó yẹ kó wà, ó bá ọ mu. Bí ọrùn rẹ bá ń wá a kiri, kò bá ọ mu, ì báà lẹ́wà bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Èyí tó bá ń mì bí eyín arúgbó lẹ́yìn tí o ti tì í pa, fi í sílẹ̀ fún wọn. Béèrè bóyá ó wọ irú ìbọn tìrẹ, kí o sì béèrè òfin ìpínlẹ̀ yín, torí bàbá rẹ ní ibì kan ń gbà á, ibòmíràn kì í gbà á. Ọdẹ́jídé kò gbé ìbọn jáde láìmú ìwé rẹ̀ dání rí.

Lónìí, kí n tó kọ ìwé yìí, mo dìde ní kíláàsì, mo sọ fún wọn pé irọ́ ni mo pa fún ọ lọ́jọ́ yẹn. N kò lè sọ ti ọdún méjìdínlógún sẹ́yìn fún wọn, ìwọ ni mo jẹ ní ìyẹn. Bàbá Abdulmujeeb ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: “Ìyá Elkanah, àga bábà ṣáà ló ń bá orí ọmọdé mu, tó ń bá orí àgbà mu. Ẹ sọ fún un kó mú un.” Òun náà kò rẹ́rìn-ín.

N kò mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ tí èèyàn gbé pọ̀n. Wọn kò tíì kọ́ wa dé ibẹ̀. Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà yìí. Kí Ọlọ́run tó mọ ìwọ̀n apá rẹ kí á tó bí ọ má jẹ́ kí ohun rere kankan gùn jù ọ́ tàbí kó kúrú jù ọ́. Ojú rẹ kò ní fọ́, apá rẹ kò ní rọ. Ẹ̀yìn mi á dára fún ọ ju ojú mi lọ.

Èmi ni ìyá bàbá rẹ, tí ojú ń tì, tó sì nífẹ̀ẹ́ rẹ,
Martha Ọdẹ́jídé.

Ọ̀rọ̀ tó kù: Tòkunbọ̀, ẹ̀gbọ́n Judith, ọmọ Ìyá Judith kíláàsì wa, tó ń bọ̀ wá sí Houston, ló bá mi mú ìwé yìí wá, pákó 21 sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Má wulẹ̀ dè é mọ́ ìbọn rẹ, kò lè bá a mu. Kàn gbé e dání. Ṣùkúrù ti wá wo bẹ́ẹ̀dì mi, ó fẹ́ fi igi tuntun tì í. Mo ní kó dúró ná. Bẹ́ẹ̀dì náà ti fì sí apá kan, bí mo bá dùbúlẹ̀ mo máa ń yọ̀ lọ bá ògiri, ó sì yẹ mí bẹ́ẹ̀. Bí o bá ti dá ẹyọ ìgbálẹ̀ náà, kọ bó ṣe gùn tó ránṣẹ́ sí mi. Má pè mí, kọ ọ́. Ọjọ́ tí mo bá kà á ni Ṣùkúrù máa tún bẹ́ẹ̀dì ṣe.