Wọ́n Sọ Iṣẹ́ Mi Dọmọ Òrukàn

Yàrá Kẹsàn-án,
Ilé Àwọn Olùwádìí.
Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Baálé rẹ ńkọ́? Ṣé ikọ́ tó ń bá àwọn ìbejì jà ti lọ? Màmá ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti gbóògùn? Èmi náà wà láàyè, àmọ́ inú ń bí mi gidigidi. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

O mọ báńdéèjì tí mo ti ń ṣe láti ọdún mẹ́sàn-án, èyí tí kì í lẹ̀ mọ́ egbò iná. Èmi ni mo po jẹ́lì rẹ̀, èmi ni mo hun òwú tín-ín-rín tó gbé e dúró, èmi náà ni mo bá àwọn nọ́ọ̀sì dán an wò ní wọ́ọ̀dù. Ìwé ìwádìí mọ́kànlélógún ló ti jáde lórí rẹ̀.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, ìgbìmọ̀ tó ń fúnni ní ìgbéga pè mí. Wọ́n pín àwọn ìwé náà sí òkìtì mẹ́ta bí ẹni ń pín aṣọ ìdọ̀tí. Ọ̀jọ̀gbọ́n kẹ́mísìrì sọ pé ìṣègùn ni. Dókítà àgbà ní ti àwọn kọ́, òwú ni. Ẹni tó mọ̀ nípa òwú àti irin ní kẹ́mísìrì ni látòkèdélẹ̀. Iṣẹ́ mi wá dọmọ òrukàn níṣojú bàbá mẹ́ta!

Alága yọ awò ojú rẹ̀. Ó ní, “Ẹ mú ọ̀kan, Màdáàmù, ẹ fi ìyókù sílẹ̀. Ẹni tó lé eku méjì á pòfo.”

Mo ní, “Eku kan ṣoṣo ni mò ń lé, sà. Ẹ̀yin lẹ gé e sí mẹ́ta.”

Wọ́n ti fọ́ọ̀mù sí mi pé kí n yan ẹ̀ka kan. Mi ò fọwọ́ sí i. Mo kó àwọn ìwé mi pọ̀, mo jáde.

Nígbà tó di Fúráìdeè, lẹ́tà dé: wọn ò ní gbé mi ga, iṣẹ́ mi kò ní ẹ̀ka. Ọ̀rẹ́ mi, kò sí ẹnì kankan tó buwọ́ lù ú! Àwọn tó kọ̀ mí ò lè forúkọ wọn sí i. Mo kọ̀wé ẹ̀hónú lójú ẹsẹ̀, mo buwọ́ lu tèmi gàdàgbà.

Mo wá gba wọ́ọ̀dù lọ. Jórinjórin kan wà níbẹ̀ tí iná jó lápá méjèèjì. Nọ́ọ̀sì àgbà fẹ́ pààrọ̀ báńdéèjì mi tó wà lára rẹ̀. Ọkùnrin náà dijú, ó fún eyín pọ̀, ó ń dúró de ìrora. Nígbà tó ṣe, ó la ojú kan.

Ó ní, “Ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni?”

Nọ́ọ̀sì ti ká báńdéèjì kúrò tipẹ́, ó ti jù ú sínú garawa.

Bá mi kí gbogbo ilé, pàápàá àwọn ìbejì.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí kò ní í yan ẹ̀ka kankan,
Kògbàbẹ́ẹ̀.