Ìdáhùn sí Ohun tí Dókítà Béèrè Nípa Ìyá Rẹ

Agboolé Akíntúndé,
Òkè-Ayégúnlẹ̀, lẹ́bàá Iléṣà.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Keje, ọdún 2015.

Fúnlọ́lá ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo tún kí ọ, mo sì kí ọ lẹ́ẹ̀kẹta nítorí pé ọ̀nà tó wà láàrin wa jìn, ó ṣeé ṣe kí ìkíni kan bọ́ sọ́nà. Ṣé àlàáfíà lo wà? Kingsley ọkọ rẹ ńkọ́, Ọ̀rẹ́olúwa ọmọ-ọmọ mi ńkọ́? Olúwa kò ní jẹ́ kí ẹ ṣe àìsàn tí kò lórúkọ, kò sì ní jẹ́ kí Johannesburg dùn mọ́ yín débi tí ẹ ó gbàgbé ilé. Èmi náà ń bẹ, mo dúpẹ́. Orúnkún ọ̀tún ń dùn mí, ti òsì sì ń bá a kẹ́dùn. Òjò pọ̀ lọ́dún yìí, kòkó so, ewúrẹ́ Àǹtí rẹ Ìbíjọkẹ́ bí ìbejì, ó ní kí n sọ fún ọ pé akọ kan abo kan ni.

Kí n tó dé ibi ọ̀rọ̀, jẹ́ kí n sọ bí lẹ́tà yìí yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ. Fasilat, obìnrin tó ń bá wa ṣáàjì fóònù lóríta, ni yóò fi fóònù rẹ̀ yà á ránṣẹ́. Mo ti kọ́kọ́ fi í sínú àpò ìwé, mo sì lẹ ẹnu rẹ̀ pa, torí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe ti gbogbo ayé, ló bá ní fóònù òun kò lè ríran gba inú àpò ìwé. Mo ní irọ́ ni, ṣebí wọ́n ya orúnkún mi ní ọsibítù Iléṣà, tí gbogbo wa rí egungun nínú ẹran, ṣé ìwé lásán ni yóò wá dènà? Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. A ti fẹnu kò báyìí pé èmi ni n ó di ìwé náà mú, òun yóò sì dijú bó bá ti ń yà á. Bí o bá rí ibi tí ìlà kan ti gé, ojú tó dì ló fà á, má bínú.

Fọ́ọ̀mù dókítà rẹ, tí o ní kí n bá ọ wá ìdáhùn sí, ti dé ọwọ́ mi. Fasilat tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé mẹ́rin. N kò mọ̀ pé ibi tí wọ́n ti béèrè nípa ìyá rẹ nìkan ni tèmi, mo jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣe ìdánwò Stándáàdì Síìsì. Mo kọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin síbi ọjọ́ orí. Níbi tí wọ́n ti béèrè bí mo ṣe wúwo tó, mo lọ bá Jẹ̀lílì tó ń ra kòkó, ó gbé mi sórí òṣùwọ̀n rẹ̀, ó ní kílò mọ́kànlélọ́gọ́ta, ó sì yọ kílò kan kúrò níbẹ̀, ó ní bí òun ṣe ń ṣe sí gbogbo ohun tó bá ti oko wá nìyẹn, nítorí omi ara rẹ̀. Wọ́n béèrè bóyá mo máa ń fa èéfín, mo kọ ọ́ pé àyàfi bí a bá ń sun iṣu. Ìgbà tó yá ni wọ́n bi mí léèrè ọjọ́ tí mo rí nǹkan oṣù mi kẹ́yìn. Ibẹ̀ ni mo ti gbé bírò sílẹ̀ tí mo lọ pe Fasilat.

Mo fi ara mi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka ìwé tí ìwọ fúnra rẹ kọ mọ́ fọ́ọ̀mù náà, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. O ní ooru kan máa ń ti inú ara rẹ sọ bí ẹni ṣí ìkòkò lórí iná, nínú ọ́fíìsì yín ní Marshalltown, ní oṣù Kẹfà tí òtútù ń mú gbogbo èèyàn tí wọ́n ń wọ ẹ̀wù lé ẹ̀wù, ìwọ nìkan ni wàá máa làágùn níwájú ọ̀gá rẹ. O ní oorun ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀. O ní nǹkan oṣù rẹ ń ṣe ségesège, inú sì ń bí ọ sí Ọ̀rẹ́olúwa láìnídìí. O ní lọ́jọ́ kan tí ò ń wakọ̀ lọ sílé ní Fourways, robot oríta tan iná pupa, ó dá ọ dúró, o sì gbàgbé ọ̀nà tí o ti ń tọ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án, o wá bú sẹ́kún. Fasilat ti ṣàlàyé fún mi pé irin tó ń rìn bí èèyàn ni wọ́n ń pè ní robot. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó dá ọ dúró, nítorí ẹni tó ń sunkún kò gbọdọ̀ wakọ̀, àmọ́ ó yẹ kó júwe ilé fún ọ. Bí o bá tún pàdé rẹ̀, bá a wí díẹ̀ fún mi.

O ní wọ́n ti darí rẹ sí dókítà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ara obìnrin nìkan ló kọ́, òun ló sọ fún ọ pé kì í ṣe àìsàn, ara rẹ ló ń múra láti dáwọ́ nǹkan oṣù dúró, òògùn sì wà fún un, èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìbàdí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. (Mo kọ́kọ́ rò pé irú èyí tí wọ́n fi ń dí táyà kẹ̀kẹ́ ni, mo wá ń dààmú pé ibo ló lu lára ọmọ mi.) Kí ó tó fún ọ, ó fẹ́ mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ ọmú tàbí ẹ̀jẹ̀ dídì wà nínú ìdílé ìyá rẹ, àti ọjọ́ orí ìyá rẹ nígbà tí tirẹ̀ dá. Ṣùgbọ́n èyí tó gún mi lọ́kàn ni ohun tí o kọ sísàlẹ̀. O ní bí wọ́n tiẹ̀ fún ọ, o kò mọ̀ bóyá wàá lò ó, torí àwọn arábìnrin ìjọ yín ní ọ̀tá ló wà nídìí ẹ̀, pé ààwẹ̀ ni kí o gbà, àti pé ìyá rẹ fara da tirẹ̀ láìlo òògùn, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́ ohùn rẹ̀. O wá bi mí pé, Bàámi, ṣé bẹ́ẹ̀ ni ti Màámi náà rí?

Ọmọ mi, láyé tiwa ọkọ kì í mọ irú nǹkan wọ̀nyẹn. Mo kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ Àǹtí Ìbíjọkẹ́, torí àbúrò ìyá rẹ ni. Ó ní kò sí ẹni tí ọmú pa ní ìdílé àwọn, kò sí ti ẹ̀jẹ̀ dídì, ọjọ́ ogbó ló ń mú wọn lọ, ìyá rẹ nìkan ni òtútù àyà mú lọ bí ìwọ náà ṣe mọ̀. Nígbà tí mo béèrè ọdún tí nǹkan oṣù dá, ó wò mí lókè wò mí nílẹ̀, ó ní ṣé yàrá òun ni obìnrin náà ń sùn ni. Ojú tì mí, mo gbé fìlà mi.

Lójú ọ̀nà ni mo rántí ìwé orúkọ ìjọ. Ìwọ náà mọ̀ pé nínú ìjọ Aládùúrà tiwa, obìnrin tó bá ń rí nǹkan oṣù rẹ̀ kì í wọ ṣọ́ọ̀ṣì títí ọjọ́ méje yóò fi pé, tí wọ́n á fi omi àdúrà wẹ̀ ẹ́ mọ́. Èmi ni akọ̀wé ìjọ fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, nítorí ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Ẹni tí kò bá wá lásán, mo máa ń fa ìlà síwájú orúkọ rẹ̀, ẹni tí nǹkan oṣù bá dá dúró sílé, mo máa ń fi òdo kékeré kan sí i. Mo lọ gba kọ́kọ́rọ́, mo ṣí àpótí irin tó wà nínú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì ń ka òdo ìyá rẹ láti ọdún dé ọdún.

Títí dé 1986, òdo kọ̀ọ̀kan ló wà nínú oṣù kọ̀ọ̀kan, ó gún régé. Ní 1987, tí ìwọ wà nílé ìwé, òdo kò sí fún oṣù mẹ́ta gbáko. Ìgbà tí mo rí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ padà sọ́kàn mi, mo sì jókòó sórí ilẹ̀. Ìwọ nìkan ni Ọlọ́run fún wa, Fúnlọ́lá, kò sì sí ọjọ́ tí n kò tọrọ ìkejì. Nígbà tí mo rí oṣù mẹ́ta tí kò ní òdo lọ́dún náà, inú ìwé ni mo ti lóyún. N kò bi ìyá rẹ léèrè ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ẹni àádọ́ta ọdún ni, mo ní ṣebí Sárà bí ní àádọ́rùn-ún. Mo fa àgbò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, mo dìde, mo jẹ́rìí pé Olúwa ti ṣí inú ìyàwó mi. Ìjọ jó, eruku sọ lálá. Ìyá rẹ dúró níwájú àwọn akọrin, òun ni aṣáájú wọn nígbà náà, ó ń wo ilẹ̀.

Kò pé oṣù kan tí òdo fi padà dé, ó sì jókòó fún ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta léra wọn. Ó lọ, ó tún bọ̀, kò létò mọ́. Àwọn èèyàn ń bi mí pé akọ̀wé, oyún ńkọ́? Ìtìjú mú mi, n kò sì mọ ibi tí n ó gbé e sọ̀ kalẹ̀ sí ju orí ìyá rẹ lọ. Mo sọ ní ìpàdé àwọn àgbààgbà pé kò sí obìnrin tó ń rí tirẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ṣe ló ń sá fún ilé Ọlọ́run. Wọ́n gba ipò aṣáájú akọrin lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé ìpàdé náà wà nínú àpótí yẹn, èmi ni mo kọ ọ́, ọwọ́ ìkọ̀wé náà sì dára púpọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, bí kò bá lè wọlé, á dúró lẹ́yìn ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, á máa kọrin láti ìta. Àwọn akọrin inú ilé a sì máa tẹ̀ lé ohùn rẹ̀, wọn kì í tẹ̀ lé ti ẹni tí a fi rọ́pò rẹ̀. Ní ilé, mo máa ń bá a níbi tó ti fi ẹ̀yìn ti àmù omi, òógùn á ti mú ẹ̀wù rẹ̀ rin gbingbin. Ó sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan, ó ní Bàbá Fúnlọ́lá, ara mi ń jó, n kò mọ ohun tó ń ṣe mí. Mo ní kó gbààwẹ̀ ọjọ́ méje. Ó gbà á. Kò tún sọ ọ́ fún mi mọ́ láéláé.

Òdo tó kẹ́yìn wà ní oṣù Kejì ọdún 1990. Sọ fún dókítà pé ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni.

Àárò ìyá rẹ sọ mí lórí ilẹ̀ yẹn ju ọjọ́ tí a sin ín lọ. Ó wù mí kí n gbé àmù náà fún un fúnra mi, kí n sì máa fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i títí apá mi yóò fi ro. Àárò rẹ náà ń sọ mí, ó di ọdún kẹfà báyìí tí o ti wá sin ín tí o sì padà. Lọ́jọ́ tí a rí ara wa nínú fóònù Fasilat, tí mo na ọwọ́, tí o bi mí pé kí ni mò ń ṣe, iwájú orí rẹ ni mo fẹ́ fọwọ́ kàn kí n mọ bóyá o gbóná. Dígí tútù ni mo bá níbẹ̀.

Nítorí náà má ṣe fi ìdákẹ́jẹ́ ìyá rẹ ṣe òdiwọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ náà ni tirẹ̀ rí, ooru náà ni, àìsùn náà ni. Ó sọ̀rọ̀, èmi ni n kò gbọ́. Kò sí dókítà kankan tó bi í léèrè ohunkóhun. Sọ fún àwọn arábìnrin rẹ pé bàbá rẹ ti gbìyànjú ààwẹ̀ lára obìnrin kan rí, òun sì mọ ohun tó bà jẹ́. Ka lẹ́tà yìí fún Kingsley, kí o túmọ̀ rẹ̀ fún un, kó má ṣe irú tèmi. Fo ibi òṣùwọ̀n kòkó o, kó má baà fojú kéré mi.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. O ní ọ̀gbẹ́ni kan tí wọ́n ń pè ní Medical Aid ló ń san ìdajì owó dókítà. Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ti fi orúkọ rẹ̀ sínú àdúrà òwúrọ̀ mi, má sì bá a jà lórí ìdajì kejì, ó lè jẹ́ pé ẹbí rẹ̀ pọ̀. Èyí tí ò ń fi ránṣẹ́ sí mi lóṣooṣù, má fi ránṣẹ́ títí dìgbà Kérésìmesì, fi san ìdajì tó kù. Owó Fasilat nìkan ni kí o fi ránṣẹ́, torí ìwé tó fẹ́ yà yìí ti pọ̀ jù. Bó bá sì yá, kí o máa tọ́jú owó ọkọ̀ òfuurufú díẹ̀díẹ̀, kí n rí ọ kí n tó lọ bá ìyá rẹ, torí ó máa béèrè rẹ.

Olúwa tó ń rán òjò sí oko lẹ́yìn ọ̀dá yóò tu ara rẹ. Oorun yóò mọ ilé rẹ. Wàá gbọ́n ju ọjọ́ orí rẹ lọ, ara rẹ yóò sì máa dà bí ti ọ̀dọ́. Ọ̀rẹ́olúwa yóò sọ ohun tó ń ṣe é, a ó sì gbọ́ ọ. Àmín.

Bí wọ́n bá ti fún ọ ní òògùn náà, má dúró de ìwé mìíràn láti ọ̀dọ̀ mi. Lẹ̀ ẹ́ mọ́ra lọ́jọ́ náà gan-an, kí o pè mí, kí o sì sọ bó ṣe ń ṣe ọ́ fún mi. N ó gbọ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Abíọ́nà Akíntúndé.