Ajá Káfíńtà àti Ẹ̀rù Ọmọ Rẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí yín kú iṣẹ́. Ara mi le, ẹ̀rọ ìránṣọ mi nìkan ló ń wúkọ́. Ọlọ́run tó dá ọ sí, tí mo fi rí ọmọ kọ̀wé sí, kò ní fi ọ́ sílẹ̀.

Arẹwà ọmọ rẹ, tí o ní kó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi, ń jẹun dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tó kọ́kọ́ dé, ajá káfíńtà tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi kò jẹ́ kó gbádùn. Ajá náà ò gé ẹnikẹ́ni jẹ rí, àmọ́ bó bá ti gbó báyìí, ọmọ á sáré wọ abẹ́ tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, á máa gbọ̀n. Kò jáde ṣeré mọ́, ojú fèrèsé ló ti ń wo ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó dùn mí wọra.

Ni mo bá mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ lọ bá nọ́ọ̀sì, mo ní kó bá mi wò ó bóyá wọ́n gbàgbé láti gún ti ẹ̀rù. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní kò sí abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀, pé bí eyín ṣe ń hù lẹ́nu ọmọ ni ẹ̀rù ṣe ń yọ: ọmọ ọwọ́ á máa sá fún ojú àjèjì, tó bá dàgbà díẹ̀, á máa bẹ̀rù òkùnkùn àti ẹranko, ọ̀dọ́langba á wá máa bẹ̀rù kí ẹgbẹ́ má fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Mo rántí bí o ṣe ń fi ìborùn mi bo irorẹ́ lọ sí ilé-ìwé nígbà náà. Àní èmi rò pé òtútù ló ń mú ọ!

Ó ní ọmọ tún máa ń kó ẹ̀rù lára àgbà bí ẹni kó ikọ́. Ó bi mí pé kí lèmi alára máa ń ṣe bí ajá bá ń bọ̀. Ọmọ mi, mo jẹ́wọ́ fún un pé orí àga ni mo máa ń gùn.

Bí a ṣe di akẹ́kọ̀ọ́ méjì nìyẹn. Nọ́ọ̀sì ní ká má fi agídí fa ọmọ, ká má sì fi í ṣẹ̀sín. Káfíńtà so ajá mọ́lẹ̀, a wò ó láti ojú fèrèsé, a wò ó láti ẹnu ọ̀nà, a ń sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Mo di ọwọ́ Arẹwà mú, mo ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ń yà ní fọ́tò. Ọjọ́ tí o pè wá lórí fóònù tó ń fi ojú hàn, èmi ni mo ní kí káfíńtà gbé e síwájú ajá, kó lè mọ̀ pé ọmọ yìí ní ìyá. Má bínú pé imú rẹ̀ ló dẹ́rù bà ọ́.

Ní Sátidé tó kọjá, ọmọ rẹ yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ mi. Ó rìn lọ, ó fọwọ́ pa ajá lórí. Ó wá yíjú sí mi, ó ní kí n má bẹ̀rù, pé òun wà níbẹ̀. Omijé bọ́ lójú mi. Látìgbà náà ni kò ti gbélé mọ́, a kàn ń ké sí i wá jẹun ni.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ tí o fún mi ní irú ọmọ yìí. Jọ̀wọ́ fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, kí n fi tún ẹ̀rọ ṣe, kí n sì ra nǹkan fún nọ́ọ̀sì àti káfíńtà. Fi rán ènìyàn o, torí ọkùnrin inú ẹ̀rọ tó ń pọ owó ní báńkì yẹn kì í dáhùn bí mo bá kí i.

Iṣẹ́ rẹ kò ní bàjẹ́. Ọ̀nà rẹ á là. Bí ẹ̀rù bá yà sílé rẹ, kò ní rí ibi jókòó sí.

Èmi ni,
Ìyá rẹ aránṣọ.