Ẹkún Ìyàwó Ẹnu Màámi

Ìṣẹ́gun, 2 Òkúdu 1987
Wọ́n máa gé gẹ̀gẹ̀ ọrùn Màámi ní ọsibítù Ìdí-Àràbà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Dókítà — Onírùngbọ̀n ni mò ń pè é — ní iṣan ohùn wà nítòsí ibẹ̀, pé òun ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ohùn ò ní lọ.
Ohùn Màámi! Ọ̀dọ̀ wọn ni àwọn ọmọge Ìsẹ́yìn tó ń relé ọkọ ti ń kọ́ ẹkún ìyàwó. Èmi ọmọ wọn, tíṣà, ìlà mẹ́ta ni mo mọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 4 Òkúdu
Mo ra ìwé tuntun. Mo ní kí Màámi máa pe ẹkún náà, kí n máa kọ ọ́. Wọ́n pe ìlà méjì, wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní bí àwọn ò bá sun ún, àwọn ò rántí. Wọ́n bá ń sun ún. Ọwọ́ mi ò bá ẹnu wọn. Mo ní kí wọ́n rọra — ló bá tún sọnù.

Sátidé, 6 Òkúdu
Ọláníyì àbúrò mi yá rẹ́kọ́dà wá láti Yábà. Ẹ̀rọ náà ń jẹ téèpù. Mo padà sí bírò.

Àìkú, 7 Òkúdu
Ojú ewé mọ́kàndínlógún. Nígbà tí wọ́n dé ibi ìdágbére fún ìyá, wọ́n sunkún gidi. Wọ́n wá sọ fún mi pé, “Motọ́lání, ó tó. Mi ò tíì kú.”

Ìṣẹ́gun, 9 Òkúdu
Wọ́n ti ṣe é. Màámi jí. Ọpẹ́.

Ọjọ́rú, 10 Òkúdu
Wọ́n la ẹnu. Afẹ́fẹ́ nìkan. Nọ́ọ̀sì Gertrude ní ọrùn ṣì wú, kí n ní sùúrù.

Ẹtì, 12 Òkúdu
Afẹ́fẹ́ náà ni. Ọláníyì sunkún ní bọ́sítọ́ọ̀pù. Èmi ò sunkún — èmi ni ẹ̀gbọ́n.

Àìkú, 14 Òkúdu
Mo mú ìwé náà lọ, mo ń kà á sí wọn létí. Mo dé ibi tí ìyàwó ti ní, “Ìyá mi, mò ń lọ ilé tí n ò mọ ibi tí ìkòkò omi wà.” Màámi gbá ọwọ́ mi mú.
“Àmù.”
Ohùn náà ha. Ṣùgbọ́n ohùn ni!
Mo ní, “Ẹ ní kí ni, mà?”
“Àmù omi ni mo pè. Ta ló ń pọnmi sí ìkòkò ọbẹ̀?”
Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Nọ́ọ̀sì Gertrude sáré wá: ó tó, Màmá, ẹ jẹ́ kí ohùn yín sinmi.
Màámi na ìka kan sí i — kí n ka ojú ewé kan péré sí i.