Omi Àdúrà Lára Igi Ọkọ̀ Ẹnjiníà

                                        Agboolé Gbẹ́nàgbẹ́nà,
                                        Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú,
                                        Ìbàdàn.
                                        18 Oṣù Kìn-ín-ní, 1983.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Ìyá Gàfárù,

Mo kí ọ kú ọyẹ́, mo kí ọ kú àtijọ́. Ṣé orúnkún rẹ ti ń jẹ́ kí o kírun dáadáa? Gàfárù ńkọ́, ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Ìkókó tí ẹ ń gbé jó nígbà tí mo wá sí Ìlọrin yóò ti máa rìn báyìí. Ara tèmi le, àfi ètè tí ọyẹ́ là. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí, n kò bẹ ọmọ kankan, nítorí náà fojú fo ibi tí ìlà bá ti wọ́.

O mọ̀ pé Hezekiah ọmọ mi ló ń wa ọkọ̀ fún Ẹnjiníà Adégòkè. Igi gidi ni wọ́n fi ṣe iwájú inú ọkọ̀ náà, láti ibi rédíò títí dé ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ó pọ́n, ó ń dán bíi dígí. Nígbà tí Ẹnjiníà ń lọ sí Kaduna, ó ní kí Hezekiah gbé ọkọ̀ náà sọ́dọ̀. Ó kìlọ̀ fún un pé omi kò gbọdọ̀ kan igi yẹn, oòrùn kò gbọdọ̀ pa á, aṣọ gbígbẹ tó rọ̀ ni kó máa fi nù ún. Dírẹ́bà tó ní kó tó gba Hezekiah fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́; ọjọ́ náà ló gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Comfort, ìyàwó Hezekiah, kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́. Lọ́jọ́ Àìkú kan, Wòlíì wa ríran pé òun rí ọkọ rẹ̀ nídìí ọkọ̀, tí aṣọ funfun bò ó lójú. Láti ìgbà náà, Comfort kò lè jẹun. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, tí Hezekiah lọ sí Ọjà'ba, ó mú kọ́kọ́rọ́, ó bu omi àdúrà sí igi náà káàkiri, ó fi òróró sàmì sí i, ó sì ti ilẹ̀kùn. Oòrùn ń pa ọkọ̀ lẹ́bàá títì.

Nígbà tí Hezekiah yóò fi dé, igi ti funfun kálẹ̀ bí ibi tí ẹ̀kọ dà sí, eruku ọyẹ́ sì ti lẹ̀ mọ́ òróró. Gbogbo agboolé ló gbọ́ ariwo rẹ̀.

"Comfort, o ti pa mí!"

"Èmi tí mò ń gbà yín lọ́wọ́ ikú!"

"Ikú wo? Iṣẹ́ mi ni o gbà lọ́wọ́ mi!"

Ó sáré gbé kẹrosín-ìn. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní yóò jẹ ìwọ̀nba pọ́líìṣì tó kù. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá rẹ̀, àga tí omi bá kàn ní ilé wa, ìbòòji ni a ń gbé e sí kó rọra gbẹ. A ti ọkọ̀ sí ẹ̀yìn ilé, a ṣí gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀. Nígbà tó kan òróró, Comfort dínà mọ́ mi.

"Ìyá, òróró àdúrà kì í ṣe ohun tí à ń nù kúrò. Bí ìran yẹn bá wá ṣẹ ńkọ́?"

Ọ̀rẹ́ mi, ọmọ kan ṣoṣo tí mo ní nìyẹn. Bí n kò bá nù ún, iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bí mo bá nù ún tí nǹkan ṣe é, ojú wo ni n óò fi wo ìyàwó rẹ̀? Mo sọ fún Comfort pé Ọlọ́run tó ti gbọ́ àdúrà kò ní gbàgbé nítorí àkísà. Ó kúrò lọ́nà, ẹkún ló ń sun. Mo fi àkísà ìró rírọ̀ nu òróró náà, mo ń tẹ̀lé ìlà igi, mo wá fi ìda díẹ̀ pa á. Funfun náà ń wábi gbà lọ, àfi èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò, tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́.

Orí rẹ̀ ni mo wà tí takisí kan dúró. Ẹnjiníà ló sọ̀ kalẹ̀. Ọjọ́ kejì ni a ń retí rẹ̀!

Ó bẹ inú ọkọ̀ wò, ó fi ọwọ́ pa ojú funfun náà.

"Hezekiah, kọ́kọ́rọ́."

Hezekiah fún un. Comfort kúnlẹ̀ sínú iyanrìn, ó ròyìn gbogbo rẹ̀, kò fi omi pamọ́, kò fi òróró pamọ́. Ẹnjiníà tẹjú mọ́ ọn.

"Ṣé orúkọ tèmi wà nínú àdúrà náà?"

Comfort wò mí. Mo wo ilẹ̀.

"Rárá, sà. Hezekiah nìkan ni mo dárúkọ."

"Ta ló wá ń jókòó sẹ́yìn rẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni, sà. N kò mọ orúkọ yín ju Ẹnjiníà lọ."

Ó tún wo ojú funfun náà. Lẹ́yìn náà ló na kọ́kọ́rọ́ padà sí Hezekiah.

"Olúwọlé ni orúkọ mi. Ẹ tún àdúrà náà gbà. Àmọ́ ẹ má bu omi mọ́ o!"

A dúró yí ọkọ̀ náà ká, a fi ọwọ́ gbígbẹ gbàdúrà, Hezekiah àti Ẹnjiníà sì wọ ọkọ̀, wọ́n lọ. Ojú funfun yẹn ṣì wà níbẹ̀. Ìran Wòlíì náà kò tíì kúrò lọ́kàn mi, títí Hezekiah yóò fi wọlé lálaalẹ́ ni mò ń fetí sí ọ̀nà. Nígbà tí o bá kírun, jọ̀wọ́ bá mi dárúkọ àwọn méjèèjì, Hezekiah àti Olúwọlé.

Bá mi kí Gàfárù, kí o sì bá mi fẹnu ko ọmọ náà lẹ́nu. Comfort ní kí n kí ọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Bertha, Ìyá Hezekiah.