Bọ́tìnnì Kìíní àti Ìkẹrin

Sátidé, lẹ́yìn ìdánrawò ẹgbẹ́ akọrin

Ọ̀gá akọrin tó ti Àkúrẹ́ wá bèèrè ẹni tó so gbogbo pẹ́dà tó ń yí ohùn gìtá wa padà mọ́ àpótí kan ṣoṣo, tó fi jẹ́ pé téèyàn bá ti fẹsẹ̀ tẹ bọ́tìnnì kan, pẹ́dà mẹ́ta á dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Bọ̀dá Táyọ̀ tó ń ta gìtá ní, "Èmi ni, sà. Iṣẹ́ ọpọlọ ni." Ó wá kọjú sí mi: "Ọmọ dáadáa, bá wa ká waya yẹn jàre."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi tò ó. Láti òní lọ, Táyọ̀ lásán ni.

Nígbà tí wọ́n lọ jẹ ẹ̀wà, mo fi ohùn bọ́tìnnì kìíní sí ìkẹrin, mo fi ti ìkẹrin sí kìíní. Kìíní ni Táyọ̀ máa ń tẹ̀ tí a bá ń gbàdúrà jẹ́jẹ́. Ohùn ìkẹrin ló ń ké bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń la gẹdú.

Mo mọ̀ pé ilé Ọlọ́run ni, àmọ́...

Lọ́la, Wòlíì á ní ká kúnlẹ̀, Táyọ̀ á tẹ kìíní. Àpáta á gba ariwo náà, á dá a padà fún gbogbo Ìdànrè. Táyọ̀ á wá máa wojú mi pé kí n gba òun.

Ọwọ́ mi ò ní dilẹ̀. Màá máa ká waya.