Títí Kì Í Ṣe Olóríkunkun

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ìtọ́jú gbogbo ará ilé. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ìpọ̀nrí níbí. Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ sọ fún Ìyá Àgbà pé súwẹ́tà tí wọ́n fún mi ṣì wà nínú báàgì, ooru Èkó ò jẹ́ kí n rántí ẹ̀.

Iṣẹ́ tí ẹ rán wá dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ ní kí Ẹ̀gbọ́n mi fi Títí ọmọ wọn ránṣẹ́ sílé ní ìsinmi tó ń bọ̀, kó máa gbé lọ́dọ̀ Bàbá Tíṣà, àbúrò yín, kí wọ́n fi pàṣán lé agídí kúrò lára rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń kó aṣọ rẹ̀ jọ. Màmá, mo bẹ̀ yín, ẹ ní kí wọ́n dá a dúró.

Ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu mi. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Yábàá, wọ́n ń fi ohùn Ògbómọ̀ṣọ́ mi ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí náà ẹ̀yìn kíláàsì ni mo ń jókòó. Tí mo bá délé, ọmọ ọdún mẹ́fà yìí nìkan ló ń bá mi sọ̀rọ̀. Ó ń sọ ọ́ lórí àga, ó ń sọ ọ́ lábẹ́ tábìlì, ó ń sọ ọ́ bó ṣe ń fò lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ti wá mọ̀ ọ́n dáadáa.

Èmi náà ti ṣẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo rán an pé kó ra kẹrosíìnì, kó ra ìṣáná, kó sì gba asẹ́ wá lọ́wọ́ Ìyá Ṣadé ní ìparí àdúgbò wa. Ó kúnlẹ̀, ó ní òun ti gbọ́, mà. Ó lọ, kò dé. Ọ̀dọ̀ fọkanáísà tó ń lẹ táyà ni mo bá a, kẹ́ẹ̀gì òfìfo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo fún un ní kóńkó lórí. Ó sunkún, ó ní òun ò ṣe agídí, ọ̀rọ̀ náà ló bọ́ lórí òun lójú ọ̀nà. Nígbà tó nujú tán, ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ki rọ́bà inú táyà bọ omi, tó jẹ́ pé ibi tí omi bá ti ń hó ni wọ́n á lẹ̀. Kò fo ohunkóhun. Màmá, ṣé olódo nìyẹn?

Látìgbà náà, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo ń rán an lẹ́ẹ̀kan, màá sì ní kó tún un sọ kó tó jáde. Ó ń jẹ́ ẹ.

Mo ka ìwé kan ní láíbírì nípa àwọn ọmọ tí ara wọn kì í balẹ̀, tí ọkàn wọn kì í pẹ́ lórí nǹkan kan. Ó ní bí ọpọlọ wọn ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, kì í ṣe agídí, kì í sì í ṣe ọwọ́ ayé. Ó dà bí ẹni pé Títí ni wọ́n ń wò kọ ọ́. Mo kó ìtìjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo lọ bá olùkọ́ wa obìnrin kan. Wọ́n ní kí n rọra, ìwé kan ò sọ mí di dókítà, ọmọ tí etí ń dùn tàbí tí kì í sùn tó náà lè máa ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ká gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà àwọn ọmọdé. Ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ bínú, wọ́n ní ṣé mo fẹ́ pe ọmọ àwọn ní wèrè ni. Mo ní rárá o, ká ṣáà mọ ohun tó ń ṣe é. Nígbẹ̀yìn, wọ́n ní tí Màmá bá gbà, àwọn á dúró. Ọwọ́ yín ló wà báyìí.

Ìyá Ṣadé ń bọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́la, Títí ni mo sì ń fi lẹ́tà yìí rán sí wọn. Iṣẹ́ méjì ni, mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é: kó fún wọn ní lẹ́tà, kó sì ní kí wọ́n bá òun kí Màmá Ògbómọ̀ṣọ́. Iwájú fọkanáísà ni yóò gbà kọjá. N kò ní tẹ̀lé e.

Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa, ẹ ó jẹ èrè gbogbo wa. Ẹ kí gbogbo ará ilé. Tí lẹ́tà yìí bá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́, Títí ti jẹ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ẹ bi Ìyá Ṣadé bóyá ó kí yín.

Èmi ni ọmọ yín,
Ìyábọ̀